Àwọn Ìlúmọ̀ọ́ká Tí Ìlú Ti Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí a bá dárúkọ Túndé King láàárín ọjà Balógun lónìí, ènìyàn mélòó ni yóò lè sọ ẹni tí í ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni àkókò kan wà tí ó ṣòro láti rí ọlọ́lá kan ní Èkó tí kò mọ orúkọ náà. Àwa fẹ́ fi àyè wa ti òní sọ̀rọ̀ lórí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, àti lórí àwọn àṣà tí gbogbo ìlú dì mọ́ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n sì jù sílẹ̀. Kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín ni, bí kò ṣe láti wádìí ohun tí í máa ń pa òkìkí, kí a sì mọ̀ bóyá ó ní ohun tí àwa lè ṣe sí i.

A bí Túndé King ní Èkó ní 1910, láàárín àwọn Sàró. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó kọ́kọ́ sọ orin jùjú di ohun tí a fi orúkọ yẹn mọ̀. Ní 1936 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone, àwọn àwo náà sì lé ní ọgbọ̀n. Ní 1939 ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì di àwátì ní Èkó. Ní 1954 ni ó padà wálé, lẹ́yìn tí ó ti gbé ní àwọn èbúté bíi Dakar àti Conakry. Nígbà tí yóò fi dé, ìlù gángan ti wọ inú jùjú, jìta ti ń lo iná mànàmáná, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì wà lójú agbo. Èyí tí ó dunni jù ni pé díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù nínú àwọn àwo rẹ̀. Àwo ìgbà náà a máa fọ́ bí abọ́ amọ̀. Bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ohùn bàbá rẹ̀ ni ó fọ́ yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, gba ipò. Akọ́díọ̀nù, dùùrù kékeré tí à ń fà sọ́tùn-ún sósì, ni ó gbé wọ inú jùjú, ìlú sì yà lé e lórí. Ní 1963 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ olórin tí kò bá ní akọ́díọ̀nù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lójú àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gbòde pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jìta, akọ́díọ̀nù lọ sí ìdí àpótí. Nígbà tí Dáíró kú ní 1996, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni kò mọ̀ pé olórí ni ó ti jẹ́ rí.

Kì í ṣe orin nìkan ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ, ẹ ó rántí Wọ́nyọsí. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ ìlú, àwọn ènìyàn wa ń ra léèsì láti ilẹ̀ Austria, pàápàá láti ìlú Lustenau, ní owó tí ó ya àwọn tí ń hun ún lẹ́nu. Wọ́nyọsí sì ni ọ̀gá nínú wọn. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ lọ sí òde, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fún un ní àga. Wole Soyinka fi orúkọ aṣọ náà sọ eré rẹ̀ ní 1977, láti fi bá ìnáwó àpà ìgbà náà wí. Nígbà tí ó di 1982 tí owó epo já wálẹ̀, tí ìjọba sì ní kí olúkúlùkù fún ìgbànú rẹ̀ le, ẹni tí ó kó owó gbogbo lé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ó rí ìjà ayé. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Moses Ọláìyá, ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ká wa lára jùlọ. Kí ó tó di aláwàdà, olórin haílàìfù ni, Sunny Adé fúnra rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Táì ńlá bí labalábá, awò ojú gbàǹgbà, aago orí tábìlì ní ọrùn ọwọ́: bí ó bá ti yọ báyìí lórí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ẹ̀rín ti sọ. Ní 1982 ó fi owó gọbọi ṣe sinimá Ọ̀run Móoru, ó sì yá owó sí i. Àwọn olè jí sinimá náà, wọ́n dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì tà á káàkiri. Gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni ó jẹ gbèsè. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2018, oríyìn pọ̀. Ṣùgbọ́n oríyìn kì í san gbèsè.

Ní 1989 Ṣínà Peters gbé Ace jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ya bo orin náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníwèé ìròyìn fi sọ ọ́ ní Shinamania. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ, àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí a máa ń fi bírò yí nígbà tí okùn wọn bá tú. Lónìí, ilé mélòó ni ó tún ní ẹ̀rọ tí ó lè kọ wọ́n?

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, a ó rí i pé kì í ṣe àìmoore nìkan ni ó ń pa òkìkí. Orí ẹ̀rọ ni òkìkí ìgbà tiwa ń gùn. Giramafóònù lọ, ó gbé Túndé King lọ. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, ó gbé àìmọye lọ. Ẹni tí ẹnìkan kò bá gbé láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, ẹ̀yìn ni yóò wà.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin tí àwo bàbá yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ̀yin tí Atọ́ka, ìwé eré alááwòrán ọjọ́sí, ń bẹ lábẹ́ ibùsùn yín: ẹ má ṣe fi wọ́n dáná, ẹ má sì tà wọ́n fún oníkòròfo. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí wọn lára nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ mú wọn tọ àwọn tí ó lè dà wọ́n sínú ẹ̀rọ tuntun lọ. Ní ti àwọn eléré tí ó ṣì wà láàyè, ẹ ra ojúlówó iṣẹ́ wọn, kí ẹ má ra ti olè. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti da àkísà rẹ̀ nù, kí ni yóò fi han ọmọ pé òun náà ti lo ìgbà rí?