Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọrùn Ẹsẹ̀: Ẹ Má Kánjú Ju Ọ̀pá Nù

Orúkọ Jẹ́ríkò kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka Bíbélì. Ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò ni ọkùnrin kan ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà nínú òwe tí Jésù Olúwa wa pa. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ni a ti gbọ́ nípa ará Samáríà tó dúró tì í, tó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, tó sì gbé e lé orí ẹranko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dúró lé lórí. Ará Samáríà náà san owó fún olórí ilé èrò, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa tọ́jú ọkùnrin náà títí òun yóò fi padà dé. Ó mọ̀ pé ọgbẹ́ tí a dì lónìí kì í jinná lọ́la. Ó mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí aláìsàn lẹ́yìn tí àánú ọjọ́ kìíní bá ti tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Jẹ́ríkò ti Ìbàdàn níhìn-ín gan-an. Ọ̀kadà ń gbé ènìyàn ṣubú, ẹlòmíràn ń jìn sí gọ́tà, ẹlòmíràn ń yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ a sì kán. Nínú oṣù yìí a fẹ́ sọ ohun tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ẹsẹ̀ ń là kọjá, kí ará ilé àti ará ìjọ lè mọ ipa tiwọn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé èyí: wákàtí díẹ̀ ni dókítà fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni ilé fi ń ṣe tiwọn. Ibi tiwọn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ti ń bàjẹ́.

IṢẸ́ ÌYANU NI ỌRÙN ẸSẸ̀

Egungun 26 ni Ọlọ́run tò sínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Egungun ojúgun méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n sì di egungun kékeré kan mú láàárín bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú. Kókó méjì tí à ń fọwọ́ kàn ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ìdí àwọn egungun méjèèjì yìí ni. Gbogbo ìwúwo ara wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, tí a sì jẹ́ kí ó jinná bẹ́ẹ̀, oríkèé náà yóò máa ha ara rẹ̀ títí yóò fi di ìrora ọjọ́ pípẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà mìíràn, kí ó lè to egungun padà sí àyè rẹ̀ gan-an.

Lúùkù, tí í ṣe oníṣègùn, kò fi ojú kékeré wo ibi yìí. Nígbà tó ń kọ ìtàn arọ tó ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà Dáradára, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 3, kò sọ pé ọkùnrin náà rìn nìkan. Ó dárúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

NÍBO NI KÍ A GBÉ E LỌ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Máíkírà létí ọjà Alẹ́ṣinlóyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, egungun sì ró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ nílé. Bàbá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí UCH. Ẹ̀gbọ́n ní teguntegun kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dára. Arábìnrin kan ní kí wọ́n fi òróró pa á, kí wọ́n sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

A kò wá síhìn-ín láti bú àwọn teguntegun. Àwọn ni àwọn baba wa mọ̀. Wọ́n ń sọ èdè wa, wọ́n sì wà nítòsí. Kódà, ní 2008, àwọn dókítà egungun ní Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè rí ohun tí ẹ́kísíréè ń rí. Bí wọ́n bá sì fi ọparun àti aṣọ di ẹsẹ̀ tó ṣì ń wú lọ́wọ́ pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní ríbi gbà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ á tutù, kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́, á dúdú, á sì kú. Gígé ni ó máa ń gbẹ̀yìn irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ti di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọparun teguntegun, ìbáà jẹ́ POP ilé ìwòsàn, ẹ máa wo ọmọ ìka rẹ̀. Bí wọ́n bá tutù, tí wọ́n kú tipiri, tí wọ́n yí àwọ̀ padà, tàbí tí ìrora ń le sí i láìka oògùn sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́.

Ọlọ́run kò fi ìlú wa sílẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Láti 1957 ni UCH ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aláìsàn, kò sì jìnnà sí Jẹ́ríkò bí a bá gba Mọ́kọ́lá. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì ní Èkó ti wà láti 1945, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

ỌJỌ́ IṢẸ́ ABẸ

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bí àwọn ẹbí nínú ni pé wọ́n lè gba ìyá náà sí wọ́ọ̀dù kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì kọjá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á ní àwọn dókítà pa á tì. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wú púpọ̀, ojú ọgbẹ́ lè má pa dé lẹ́yìn tí wọ́n bá là á. Wọ́n ń dúró kí ó fà ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà. Bí àtọ̀gbẹ bá wà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, bí ó bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó má jẹun, kí ó má jẹun. Ẹ má fi ẹ̀kọ fún un ní kọ̀rọ̀ nítorí àánú, nítorí oúnjẹ inú lè gòkè wá fún un lọ́fun lórí tábìlì. Ẹ sì béèrè ṣáájú iye tí irin yóò jẹ́, àti ohun tí ìbánigbófò ìlera yín yóò san níbẹ̀, kí ojú má baà ti ni lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé àwọn yóò sùn, àwọn kò sì ní jí mọ́. Fún iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fún ni. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ojú á là. Aláìsàn lè gbọ́ bí irinṣẹ́ ṣe ń dún bí ti káfíńtà, kò sì ní ro ó. Irin pẹlẹbẹ àti ìdè kéékèèké ni wọ́n fi ń di egungun pọ̀. Irin náà kì í dípẹtà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni tiwọn sì wà lára wọn títí di òní. Alẹ́ ọjọ́ náà ló le jù, nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ bá ń tán lọ. Kí ó béèrè oògùn ìrora kí ìrora tó gbilẹ̀.

Àwọn kan ń rò pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ abẹ kò ní ìgbàgbọ́. Ní oṣù Keje 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, pásítọ̀ nínú Ìjọ Redeemed tó tún jẹ́ Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ fún egungun itan rẹ̀ tó kán, ní ilé ìwòsàn Duchess ní Ìkẹjà. Kò fi í pamọ́. Gbogbo ìlú gbọ́.

Ọ̀SẸ̀ MẸ́FÀ TÓ GÙN BÍ ỌDÚN

Wọ́n dá ìyá wa padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilé kún. Ọsàn, búrẹ́dì àti mílíìkì pọ̀ lórí tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí gan-an ni ó nílò wa jù.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí bí dókítà bá ṣe sọ, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Kí ó gbé e lé ìrọ̀rí títí yóò fi ga ju àyà rẹ̀ lọ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, kí wíwú lè fà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á tú okùn tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́. Kí ó fi nylon bo ẹsẹ̀ bí ó bá ń wẹ̀. Bí POP bá ń yún un, kí ó má ki igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí egbò ibẹ̀ ni kòkòrò yóò gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ egungun tí kò tíì so.

Ìrora ara nìkan kọ́. Ẹ wo ìyá tó ń bọ́ gbogbo ilé tẹ́lẹ̀, tó wá ń pe ọmọ kékeré kí ó tó mu omi. Ẹ wo bí yóò ti ṣe ní ṣálángá tí a ń lóṣòó sí, tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ kan. Ẹ wo bí ọ̀pá méjì tó kì bọ abíyá ti ń bó o lára. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì, àwọn oníbàárà ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń sunkún lóru tí ará ilé kò mọ̀. Àga onihò tí a lè gbé lé orí ṣálángá, àpótí kékeré tí yóò fi jókòó wẹ̀, ọmọ kan tó lè bá a ṣí ìsọ̀ fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́: àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ìfẹ́ ju ọ̀rọ̀ ìkíni lọ.

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń dùn ún, bí èémí bá ń kúrú lójijì tàbí tí àyà ń dùn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí ibà bá dé, tí ọgbẹ́ ń ṣ'ọyún tàbí tí ó ń rùn, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ TÚ POP

Ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà lọ́jọ́ yìí. Ẹsẹ̀ á ti rù, awọ á ti gbẹ, á máa ṣí, ọrùn ẹsẹ̀ á le gbagidi. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ abẹ náà kò dára. Ẹsẹ̀ ti sùn pẹ́ ni. Àwọn fisiotẹ́rápísìtì ni yóò jí i. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ní 1966, nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n wà láàárín wa. Wọ́n lè ní kí ó fi ọmọ ìka kọ A, B, D sínú afẹ́fẹ́, kí ó fi aṣọ ìnura fa àtẹ́lẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dàbí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á tì yóò máa tiro.

Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà lè máa wú fún oṣù mẹ́fà, tàbí títí di ọdún kan. Kì í ṣe pé ayé ń bá a jà. Bí egungun ti ń jinná ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tirẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora. Kí ó máa fi ojú wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn òbí tí a bí ọmọ fún pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wọ́ sínú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú nǹkan bí ọmọ 1,000, ọ̀kan ń wá bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ègún. Dókítà Ignacio Ponseti, tó kú ní 2009, fi ọ̀nà kan hàn: POP tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gígé díẹ̀ nínú iṣan gìgísẹ̀, lẹ́yìn náà bàtà tí irin so pọ̀. Ọmọ á máa wọ bàtà náà sùn títí yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí ìyá bá bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ti gún, ẹsẹ̀ náà lè tún wọ́ padà.

Ọ̀PÁ KÌ Í ṢE ÀÌGBÀGBỌ́

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ìjọ wà. Bí ìyá yìí bá fi ọ̀pá méjì wọlé ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má pè é síwájú pé kí ó jù wọ́n nù, kí ó sì jó. Yóò gbìyànjú, nítorí ojú ń tì í. Bí irin bá ṣẹ́ sínú egungun tí kò tíì so, iṣẹ́ abẹ kejì le ju ti ìṣáájú lọ. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo arọ sàn. Ìwòsàn rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rù ẹ́kísíréè. Bí egungun bá ti so, fọ́tò náà yóò fi hàn, dókítà yóò ní kí ó máa rìn, ẹ̀rí rẹ̀ yóò sì dúró.

Títí di ìgbà náà, ẹ gbé àga fún un níwájú, kí ẹ sì fi àpótí sí i kí ó lè na ẹsẹ̀ lé e. Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ta ni yóò pọnmi, ta ni yóò ṣí ìsọ̀, ta ni yóò bá a dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kí ẹ sì kọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá sínú ìwé yín, nítorí ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní wá ènìyàn tì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó wà ní ilé èrò lónìí, kí Olúwa fi olùtọ́jú tí kò ní sú tì í. Kí Ó sì ṣe àwa náà ní olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Àmín.