Bí olórí bá kúrò, ṣé iṣẹ́ kò ní bàjẹ́?
Èèyàn mélòó ló ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́? Ìyẹn ṣe pàtàkì ju iye àwọn tó ń lò ó lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe PyCon Africa àkọ́kọ́ ní Accra, lọ́dún 2019, Guido van Rossum, tó dá èdè kọ̀ǹpútà Python sílẹ̀, ti fi ipò olórí sílẹ̀ láti ọdún 2018. Wọ́n dìbò yan ẹni márùn-ún rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ kò dúró.

Ti XZ kò rí bẹ́ẹ̀ o! Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń lò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó gba àjèjì kan ní olùrànlọ́wọ́. Lọ́dún 2024 ni àṣírí tú: àjèjì ọ̀hún ti ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún olè sínú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Andres Freund tó tètè fura.