Ṣé Kílọ́ọ̀ṣì Ti Jó Lóòótọ́? Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń já onímọ́tò láyà: "Ọ̀gá, kílọ́ọ̀ṣì ti jó o." Bí mẹkáníìkì bá ti sọ èyí, owó ńlá ti délẹ̀ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n ti máa ń fa owó náà yọ. Bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, wáyà tí ó dẹ̀ tàbí òróró bíréèkì tí ó lọ sílẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí gbogbo wa tí a ń wa ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀ mọ bí a ti ń yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni pélèètì kílọ́ọ̀ṣì wà. Irin kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pírẹ́ṣọ̀ ni ó ń tẹ pélèètì yìí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ táyà. Bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kan yóò ti pírẹ́ṣọ̀, pélèètì yóò sì tú sílẹ̀ kí a lè yí gíà. Nítorí náà, àrùn méjì ni ó wọ́pọ̀ jù: yálà kò dì mú mọ́, tàbí kò tú sílẹ̀. Àmì wọn yàtọ̀, owó wọn náà sì yàtọ̀.

Bí kò bá dì mú mọ́

Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń hó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní sáré tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ lè gbọ́ òórùn jíjó pẹ̀lú. Láti dán an wò, ẹ dúró sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fi òkúta há táyà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì. Ẹ ki ọkọ̀ sí gíà kẹta, kí ẹ wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kú, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe é léraléra, nítorí ó ń mú pélèètì gbóná.

Pélèètì lè ti jẹ tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wáyà ni ó le jù, tàbí pé ọ́ọ̀lì ti ń jò sí pélèètì lára. Bí ó bá jẹ́ ọ́ọ̀lì, tí wọn kò sì pààrọ̀ síìlì tí ó ń jò, pélèètì tuntun náà yóò bàjẹ́.

Bí kò bá tú sílẹ̀

Gíà yóò le láti wọlé, rìfáàsì yóò sì máa ké. Ẹ má fi agbára kì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná, kí ẹ tún gíà kì. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí ó sì kọ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí gíábọ́ọ̀sì má ní ẹ̀bi rárá.

Lára Volkswagen ìjàpá àti Golf 2, wáyà ni ẹ ó kọ́kọ́ wò: ṣé ó ti dẹ̀, àbí ó ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán? Lára Peugeot 504, òróró ni ó ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo bí ó ti kù sí, kí ẹ sì wò bóyá ọ́pà tàbí lówà ń jò. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin léraléra tí gíà sì wá wọlé, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù, tàbí kí ọ́pà tàbí lówà ti rẹ̀. A lè tún ìwọ̀nyí ṣe láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Ariwo àti gbígbọ̀n

Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá ń pariwo nígbà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fura sí bíárìn inú gíábọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, ẹ wo ìjókòó ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dá pélèètì lẹ́bi.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ pélèètì, pírẹ́ṣọ̀ àti bíárìn pọ̀, nítorí owó iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n fi pélèètì àtijọ́ hàn yín. Bí ó bá ti jẹ dé orí ìṣó rẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń pa kílọ́ọ̀ṣì jù. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹ bá ń lọ. Nínú sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí òkè bíi ti Mápó ní Ìbàdàn, ẹ má ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró. Bíréèkì ọwọ́ wà fún ìyẹn. Ọkọ̀ tí ń yọ̀ lórí òkè lè fà sẹ́yìn lu ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má kàn sọ pé "kílọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́." Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ gbọ́, àti ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹni tí ó sì fẹ́ rẹ́ yín jẹ yóò mọ̀ pé ojú yín là.