Ariwo àti Ohùn Orin nínú Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Akọrin Hüsker Dü

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orin ẹgbẹ́ Hüsker Dü lè sọ pé ariwo lásán ni. Ẹ̀sùn náà kò ṣàì ní ìdí. Ní ọdún 1979 ni Bob Mould tó ń ta gìtá, Grant Hart tó ń lùlù àti Greg Norton tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Nínú àwo wọn Land Speed Record (1982), orin 17 ni wọ́n kó sáàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 26. Irú eré àsápajúdé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hardcore, ọmọ bíbí inú orin pọ́ǹkì.

Orísun ariwo náà ló yẹ kí olùgbọ́ wá rí. Mould a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gé orí ìgbì ohùn gìtá. Bí orí ìgbì bá ti gé, ọ̀pọ̀ ohùn tín-ín-rín mìíràn a gorí èyí tí ọwọ́ ta. Ó tún máa ń jẹ́ kí okùn tí ìka kò tẹ̀ dún pọ̀ mọ́ èyí tí ìka tẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo a wá máa hó bí ẹni pé mẹ́ta ni, etí tó bá sì fara balẹ̀ yóò gbọ́ orin dídùn tó ń gba àárín híhó náà kọjá.

Zen Arcade, àwo méjì lápapọ̀ tó jáde ní 1984, ni èyí ti hàn jù. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tó sá kúrò nílé ni orin 23 inú rẹ̀ dá lé. Wákàtí 85 péré ni wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì fi pò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ onípọ́ǹkì ìgbà náà ló kẹ́gàn orin psychedelic, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá ìran bí àlá láàárín ọdún 1965 sí 1969. Ẹgbẹ́ yìí kò kẹ́gàn rẹ̀: ní 1984 kan náà ni wọ́n tún Eight Miles High kọ, orin àwọn Byrds ti ọdún 1966, pẹ̀lú igbe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì. Nínú Zen Arcade, wọ́n yí téèpù padà sẹ́yìn, wọ́n dá dùùrù nìkan tẹ̀, wọ́n sì fi Reoccurring Dreams parí rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ìlù ń yí lójú kan, gìtá ń ké, olùgbọ́ kò sì mọ bí àkókò ti lọ tó.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye èyí lè kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Never Talking to You Again nínú àwo kan náà. Gìtá tí kò gba iná àti ohùn ènìyàn nìkan ló wà níbẹ̀, orin náà sì pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé Reoccurring Dreams sí i, èyí tó jẹ́ pé bí a bá yọ ariwo kúrò, kò ní ku nǹkan kan.