Adarí Ìkọlù tí Ń Sáré: Iṣẹ́, Orúkọ àti Òǹkà

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, ẹni tí ó ń gba bọ́ọ̀lù bí ìkọlù bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ibi tí ó ń dúró ni orúkọ yìí tọ́ka sí, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. ‘Adarí ìkọlù’ ni ó yẹ ẹ́ jù.

Agbábọ́ọ̀lù 11 ní ń kojú 11. Bí adarí tí kì í sáré bá fi bọ́ọ̀lù lé asáré lọ́wọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ènìyàn 10 ni ó kù láti kojú 11. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè sáré, olùgbèjà kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ọgbọ́n yìí ni Rich Rodriguez lò ní Glenville State ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990: wọn kò dí olùgbèjà kan ní ìpẹ̀kun ìlà lọ́nà, adarí a máa wò ó. Bí olùgbèjà náà bá lé asáré, adarí a di bọ́ọ̀lù mú, a sì gba àyè tí ó ṣí sílẹ̀ sá lọ. Bí ó bá dúró, asáré ni yóò gbé bọ́ọ̀lù lọ. ‘Kíkà’ ni Gẹ̀ẹ́sì pe wíwò yìí. ‘Eré àwòyàn’ ni yóò yé ọmọ Yorùbá.

Òǹkà ni ó ṣòro jù. Ní 2016, Lamar Jackson ti Yunifásítì Louisville fi eré sísá jèrè yáàdì 1,571, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman. Nínú ìdíje yunifásítì, bí a bá gbé adarí ṣubú lẹ́yìn ìlà nígbà tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, inú yáàdì ìsáré rẹ̀ ni a ti ń yọ àdánù náà. Nínú NFL, inú yáàdì ìjùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ‘yáàdì ìsáré’ láìdárúkọ ìdíje ti fi ìṣirò méjì sábẹ́ orúkọ kan.