Ohun Tó Ń Mú Ọmọ Iléèwé Ṣa Ìgò Oníke

Bí òjò bá ti dá ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ yọjú wo gọ́tà iwájú iléèwé. Ìgò oníke àti ọ̀rá píọ́-wọ́tà ló kún ibẹ̀, ọ̀nà ọ̀sà ni wọ́n sì ń lọ. Kí ló lè mú ọmọ tó sọ ìgò yẹn nù padà wá ṣa á? Ìgò ṣíṣà yìí jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní recycling. Àtúnlò la ó máa pè é níbí: kí a kó ohun tí a ti lò jọ, kí wọ́n fi ṣe nǹkan mìíràn.

Owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọn ò sì parọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, iléèwé Morit International School àti ẹgbẹ́ African Clean-Up Initiative ṣètò kí òbí máa fi ìgò oníke san lára owó iléèwé. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, iye tó bá jẹ́ á sì dín lára gbèsè. Ṣùgbọ́n òbí ni gbèsè ń dà láàmú, kì í ṣe ọmọ. Ìgò 50cl tó ṣófo fúyẹ́ débi pé ó lè gbà tó 50 kí ó tó pé kìlò kan. Ọmọ wo ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?

Lójú tèmi, ohun tí ọmọ bá fojú ara rẹ̀ rí ló ń fà á. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sí gbàgede lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ wọn àpò kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ kìlò rẹ̀ sára pátákó. Kíláàsì Kẹrin ò ní gbà kí Kíláàsì Karùn-ún fẹ̀yìn òun balẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí àtúnlò ṣe ń lọ. Ẹ gé ìgò omi sí wẹ́wẹ́, ẹ gé ìdérí rẹ̀ náà, ẹ da méjèèjì sínú abọ́ omi, kí ẹ fọwọ́ rò ó kí afẹ́fẹ́ ara wọn lè jáde. Ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Ike PET ni ara ìgò, wọ́n lè yọ́ ọ di òwú aṣọ. Ike mìíràn ni ìdérí. Omi náà ni ilé iṣẹ́ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rá píọ́-wọ́tà tún yàtọ̀, àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àìtètè wá kó ìgò ló sábà máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó dà bí àjọ: bí alájọ bá pa ọjọ́ méjì jẹ, owó àjọ á di owó àkàrà. Àpò ìgò tí ẹnikẹ́ni ò wá kó á di ilé ẹ̀fọn, ọ̀gá iléèwé á ní kí wọ́n dáná sun ún, àwọn ọmọ ò sì ní ṣa òmíràn mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó pín àpò, ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tí yóò wá kó o sọ̀rọ̀: LAWMA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdọ̀tí l'Ékòó, tàbí Wecyclers tó ti wà láti 2012, tàbí ẹni tó ń ra ike ládùúgbò yín. Ẹ bi í ní iye kìlò tó gbọ́dọ̀ pé kí ó tó wá, torí mọ́tò ò ní tìtorí àpò méjì wá sí Ẹ̀pẹ́. Iléèwé mẹ́ta mẹ́rin tó súnmọ́ra lè kó tiwọn pọ̀ sójú kan.