Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ó yẹ kí wọ́n pa James Bond?

Láti 1962 tí fíìmù Dr. No ti jáde, ìbọn ò ran amí James Bond, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ǹbù ò ràn án. Àfi nínú No Time to Die, tó jáde ní 2021. Ọ̀tá kó ohun olóró sí i lára: bó bá fọwọ́ kan Madeleine olólùfẹ́ rẹ̀ tàbí Mathilde ọmọ wọn, wọ́n á kú. Ló bá dúró sí erékùṣù ọ̀tá náà, mísáìlì tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n yìn sì bá a níbẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ kan fárígá. Wọ́n ní Bond kì í kú, ohun tí àwọn ń sanwó wò nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ìtàn kan ṣoṣo ni fíìmù Bond márùn-ún tí òṣèré Daniel Craig ṣe láti 2006, ìtàn sì gbọ́dọ̀ parí. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà. Bond ti Craig ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ olólùfẹ́, ó ń dàgbà lójú wa. Ikú tó kú nítorí ọmọ rẹ̀ bá a mu.

Ohun tó tún dá iyàn sílẹ̀ ni pé, lẹ́yìn orúkọ àwọn òṣèré ní ìparí fíìmù náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé James Bond yóò padà wá. Lójú tèmi, Bond mìíràn ni, pẹ̀lú òṣèré mìíràn. Ti Craig ti lọ.